Kí Bẹ́ẹ̀dì Àìsàn Má Baà Bo Ọkọ Yín Mọ́lẹ̀

Fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí Bàbá Ìbejì kú, ìgbàkígbà tí mo bá di ojú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń rí i: ọrùn tó ti tín-ín-rín, ọ̀rá ìtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ètè gbígbẹ. Ọdún 31 la fi jọ gbé. Àìsàn náà kò ju oṣù 14 lọ, síbẹ̀ òun ló gba gbogbo ojú mi. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wá ọkọ mi kàn lábẹ́ àìsàn yẹn.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun ló ń yára sọnù jù. Nígbà tí mo wà nínú opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, wọ́n pa fóònù rẹ̀, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Èmi ò mọ̀ pé WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún 120 ọjọ́ rẹ́. Kí n tó jáde opó, àwòrán rẹ̀ tó dé fìlà gbẹ̀ǹgẹ́ ti kúrò lójú fóònù mi, òjìji lásán ló kù níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi wà lórí fóònù tèmi. Mẹ́ta péré ni. Nínú ọ̀kan, ó ní: “Ìyá Ìbejì, gàrí tí o gbé sílẹ̀ yìí ò kan tó o.” Èmi tí mo ń ta gàrí Ìjẹ̀bú ní Òkè-Àjé!

Ẹ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ méjì, ó kéré tán, kí ẹ sì kó o sórí mẹ́mọ́rì kan tí ẹ ó gbé sọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a ṣòwò. Télọ̀ ni tèmi. Kọ́sítọ́mà kan ṣì ní ohùn ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé iná ni kò sí, òun ì bá ti rán aṣọ náà tán. Irọ́ gbáà! Mo mọ̀ pé ayò ló lọ ta lọ́jọ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ohùn lóru ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀sán ni kí ẹ gbọ́ ọ, kí ènìyàn wà nílé.

Lẹ́yìn ohùn, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí awakọ̀ ni, bí tíṣà ni, ìwé kan á wà níbì kan. Tèmi ní ìwé ìwọ̀n tó ti lò láti ọjọ́ pípẹ́, ìlà ṣọ́ọ̀kì kún ara ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ oníkálukú wà níbẹ̀: èjìká 19, gígùn 40, apá 24. Mo wá orúkọ mi títí, n kò rí i. Àṣé ojú ìwé kan wà tó kọ “Tèmi” sí lókè. Èmi ni. Àyà 36, ó fa igi lé e, ó kọ 40, ó tún fa igi lé e, ó kọ 44. Kò fìgbà kan sọ fún mi pé mo ń sanra. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ikán àti òjò tó débẹ̀.

Aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ẹbí tó pín in, ẹ yọ ẹyọ kan tí wọn kò tíì fọ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí òórùn ara rẹ̀ má baà lọ. Mo fọ ti ọkọ mi tán kí n tó ronú. Mo ṣì ń bá ara mi jà lórí rẹ̀.

Oríkì, ẹ tètè lọ gbà á. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó wà ní Òkè-Erì nìkan ló kù tó mọ ti ilé wọn. Gbogbo wa la mọ “ọmọ Alárè”, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti agboolé, orí àgbà kan ṣoṣo ló lè wà. Ẹ mú ọmọ lọ́wọ́ lọ, ẹ gbé ẹ̀bùn dání, ẹ tan fóònù sílẹ̀, kí ẹ má sì dá a dúró láti béèrè ìtumọ̀. Bí màmá bá sunkún láàárín, ẹ má pa fóònù.

Àwòrán tí ẹ máa gbé kọ́ ògiri kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìgbà àìsàn, bó ti wù kó dára tó. Èmi lọ wá ti Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ sún mọ́ra, ti wọ aṣọ tí wọ́n jọ dá, tèmi ò ráyè dúró ya fọ́tò: ó kúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tún etí agbádá ẹnìkan ṣe. Èyí ni mo ṣe ní férémù. Àwọn ẹbí ní kò bójú mu. N kò dá wọn lóhùn.

Ẹ dárúkọ àìsàn náà. Ẹ̀yìn ríro la ń sọ fún àwọn ará àdúgbò, ibì kan tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sì ní làkúrègbé ni. Jẹjẹrẹ prostate ni; nǹkan kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin là ń pè ní prostate. Jẹjẹrẹ náà ti wọ eegun kí a tó mọ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí bàbá wọn sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n náà fún Táyé àti Kẹ́hìndé, torí ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, àwa adúláwọ̀ ló sì ń bá jà jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ni kí wọ́n bá dókítà sọ nígbà tí wọ́n bá pé ogójì ọdún. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń ṣépè. Kí wọ́n máa wò mí.

Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún, yàtọ̀ sí àdúà àti sàráà, àwọn ọmọ fúnra wọn ni mo máa ń ní kí wọ́n rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ tó sùn mọ́jú ni bàbá wọn fẹ́ràn, tútù báyìí, pẹ̀lú ẹ̀bà. Bí ọwọ́ bá ń yún wọn, ìtàn á máa jáde.

Iléyá tó kọjá, ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní òun fẹ́ rán bùbá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbé ìwé náà fún un. Ó ta téèpù yí mi ká, ó ṣí ojú ìwé “Tèmi”, ó fa igi lé 44 tí ọ̀gá rẹ̀ kọ, ó kọ 46 sábẹ́ rẹ̀. Òun náà ò sọ nǹkan kan.