Bí Katakata Wa Ṣe Tún Ń Dáhùn Láàárọ̀ Ọyẹ́ ní Iléṣà

Katakata tí a fi ń túlẹ̀ ní oko wa nítòsí Iléṣà kì í dáhùn bí a bá ṣíná rẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ wá lẹ́nu rárá bí oòrùn bá ti mú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì bíi tirẹ̀ kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń tanná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì, irin tí ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, fún pọ̀ títí ó fi gbóná gidigidi ni ó ń mú epo gbiná, nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà tìkọ̀tìkọ̀, ooru náà kì í tó. Wọ́n ní kí n ra bátìrì tuntun, owó tí n kò fẹ́ ná. Mo tú wáyà orí bátìrì, mo fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí funfun tí kò jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, mo sì dè é le. Mo tún fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì SAE 50, tí ó máa ń ki jù nínú òtútù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fà tìkọ̀tìkọ̀, jáde, mo fi ọ́ìlì 15W-40, tí kì í ki tó o, rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí, ó ń dáhùn kí oòrùn tó yọ.