Òwúrọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Fi Dọdẹ Ẹ̀lulùú

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà. Àwọn tí mo ń yà máa ń fẹ́ kí n ya àwọn. Wọ́n á to gèlè, wọ́n á fa agbádá sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ ò ní to gèlè dè mí. Bóyá ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn nìyẹn, torí ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń ya ẹyẹ fún ìgbádùn ara mi.

Àwọn tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ yà tán: lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù, ẹ̀gà tó ti fa gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé wa ya láti fi kọ́ ìtẹ́, àwòdì tó ń rà bàbà lókè ọjà. Ẹ̀lulùú ló kù. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn rẹ̀, hù-hù-hù-hù tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí omi ń tú jáde lẹ́nu kèrègbè. Ní kékeré wa, bó bá ti ké báyìí, màmá mi á ní ká sáré kó aṣọ wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bó ṣe rí, ọ̀kan ní dúdú ni, ọ̀kan ní ó jọ adìẹ. Gbogbo wa ń fi pa òwe, a ò rí i rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe é bí ẹni tí kò gbọ́n. Aago mẹ́jọ ti lù kí n tó dé ìgbẹ́ kan lójú ọ̀nà Alábàtà, níwájú yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ń sáré tẹ̀lé ohùn kiri. Bí mo bá yà sósì, á ké lọ́tùn-ún. Ìrù gígùn dúdú kan tó ń wọ inú koríko ni mo rí, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo délé, fọ́tò ewé mẹ́tàlélógójì ló wà nínú kámẹ́rà. Lẹ́ńsì 70-200 tí mo fi ń ya ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ò sì gùn tó. Mo lọ yá 150-600, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Ó wúwo bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ọjọ́ kejì, mo ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ọkùnrin méjì dá ọ̀kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní ta ló rán mi wá wọn ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe eré lápá ibẹ̀. Mo ṣí kámẹ́rà, mo fi lékeléke hàn wọ́n. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín: "Ẹyẹ lásán-làsàn?" Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ti ga. Láti ìgbà náà, n kì í wọ ìgbẹ́ kankan láì kọ́kọ́ kí àwọn tó ni oko níbẹ̀.

Bí mo ṣe mọ Bàbá nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ oko."

"Hoo. Ọmọ mi, kí lo ń wá?"

"Ẹ̀lulùú ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Ìwọ ń rìn, òun náà ń rìn. Ta ni yóò wá rí ẹnì kejì? Jókòó síbì kan." Ó nawọ́ sí igi gbígbẹ kan létí oko. "Ìsàlẹ̀ ìgbẹ́ ló ń gbé. Bí ìrì bá pa á tán, á gun ibẹ̀ yẹn wá yá oòrùn."

Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà ìjàlọ ni mo fìdí lé. Ẹ má bi mí bí mo ṣe fò. Kámẹ́rà ṣubú tòun ti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí mo gbé e lé, ọpẹ́lọpẹ́ koríko tó gbà á. Mo tún dán nǹkan kan wò lọ́jọ́ yẹn tí n kò ní ṣe mọ́: mo fi fóònù gbé ohùn ẹ̀lulùú sáfẹ́fẹ́. Ó dáhùn, ó sún mọ́ mi, ó ń ké ṣáá nínú ìgbẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba ilé mọ́ lọ́wọ́. Àsìkò òjò ló ń yé ẹyin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sàba lórí ẹyin rẹ̀. Ojú tì mí, mo pa fóònù náà.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kẹrin. Mo fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 1600, mo fi ìyára tó fi ń ya fọ́tò sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Orí ẹ̀lulùú dúdú, àyà rẹ̀ funfun. Bí ìgbà tí ọkọ ìyàwó wọ kóòtù dúdú tí ìyàwó wọ funfun nìyẹn, mo sì ti mọ̀ pé funfun ni kí n tọ́jú, kí ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù má baà jó o nínú fọ́tò. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, mo jókòó.

Bí oòrùn ṣe yọ, koríko mì. Ó ń fẹsẹ̀ gun igi bọ̀ bí eku, kò fò rárá. Ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ pupa bí ìkòkò amọ̀ tuntun, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó tutù rinrin, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó na apá méjèèjì gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá. Òjò tí ẹ̀lulùú pè, orí ara rẹ̀ ló rọ̀ lé: ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti jókòó sídìí igi bíi tèmi rí. Mo ya mẹ́ta, mo dúró kí ariwo kámẹ́rà mọ́ ọn lára, kí n tó wá yà á bí mo ṣe fẹ́. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà ló lò kó tó rí tata kan nísàlẹ̀.

Mi ò dìde. Mo pé wákàtí méjì, mo kọ gbogbo ẹyẹ tí mo rí tàbí tí mo gbọ́ sínú ááàpù BirdLasser lórí fóònù, mo sì fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ kíkọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tó pín orílẹ̀-èdè yìí sí ojú ilẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà mẹ́sàn-án. Irú ẹyẹ mọ́kàndínlógún ni mo kọ.

Mo gbé kámẹ́rà lọ bá Bàbá. Ó wò ó, ó tún wò ó. "Ojú rẹ̀ pọ́n tó báyìí?" Ó bi mí bóyá akọ ni. Mo ní akọ àti abo wọn jọra, àfi pé abo máa ń tóbi díẹ̀ jù akọ lọ.

"Akọ ni," ni Bàbá wí. "Ṣé o ò rí bó ṣe da agbádá sí èjìká ni?"