Gáàsì Ìdáná láti Ara Ìgbẹ́ Màlúù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Sókótó

Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní ìlú Sókótó ni Sokoto Energy Research Centre wà, ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 fún ìwádìí lórí agbára oòrùn, ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, àti gáàsì tí a ń rí láti ara ìgbẹ́ ẹran. Gáàsì ìgbẹ́ nìkan ni ìwé yìí dá lé, nítorí òun ni ó kan ẹni tí ó ń sin màlúù, síbẹ̀ tí ó ń fi owó ra igi ìdáná.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. A ó po ìgbẹ́ tútù mọ́ omi, garawa kan sí garawa kan, a ó ṣa òkúta àti koríko gígùn kúrò, a ó sì dà á sínú kòtò tí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́, tí a dé pa kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Bí ó ti ń jẹrà níbẹ̀ ni gáàsì ń gòkè, èyí tí methane (èròjà inú rẹ̀ tí ó ń jóná) máa ń ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ tútù bíi kílò 25 sí 30 ni yóò mú gáàsì tí a lè fi dáná fún nǹkan bíi wákàtí méjì jáde, ojoojúmọ́ ni a sì gbọ́dọ̀ máa bọ́ kòtò náà. Nítorí náà, iye màlúù tí ó ń sùn nínú ọgbà yín ni kí ẹ kà; èyí tí ó ń jẹ̀ káàkiri, inú igbó ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣòfò sí.

Lójú tèmi, omi ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ó tó pe bíríkìlà. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún un, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ àti ti oògùn apakòkòrò yóò pa àwọn kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò. Ooru tí ó tó 30 sí 37°C ni wọ́n fẹ́; bí ọyẹ́ bá dé, gáàsì yóò dínkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò tí ó wọ ilẹ̀ dáadáa kì í tètè tutù.

Gáàsì tí ó bá kọ́kọ́ jáde ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè bú gbàmù: ẹ tú u dànù sí ìta gbangba, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣá ìṣáná nítòsí. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ oríkèé páìpù wò, kì í ṣe iná. Bí òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ bá gba ilé ìdáná, ẹ ti páìpù, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ará ilé sì jáde.

Ajílẹ̀ ni omi dúdú tí ó ń ṣàn jáde láti inú kòtò náà. Ẹ dà á sí ìdí àlùbọ́sà, àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ṣùgbọ́n kí ó má kan ewébẹ̀ tí a ń jẹ ní tútù.