Ẹ sùn sí Chã das Caldeiras kí ẹ tó gun Pico do Fogo
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun òkè ayọnáyèéfín Pico do Fogo ní Cape Verde, ẹ má ṣe gbéra láti São Filipe, ìlú tó wà létí òkun, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ sùn sí Chã das Caldeiras, abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, kí ẹ sì bá amọ̀nà tó ń gbé ibẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Eérú dúdú tó bo òkè náà máa ń tètè gbóná, kò sì sí igi tí ènìyàn lè sá oòrùn sábẹ́ rẹ̀ títí dé ṣóńṣó, tó ga tó mítà 2,829. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé owó tí ẹ bá san fún ibùsùn àti amọ̀nà yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará abúlé náà tí àpáta yíyọ́ láti inú òkè náà bo ilé wọn láàárín ọdún 2014 sí 2015. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá le, amọ̀nà lè ní kí ẹ padà. Ẹ gbọ́ tirẹ̀.