Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè Jẹ́

Lára fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ orí-òkè, ìyẹn apá iwájú tó di táyà mú tó sì ń rọ̀ fún òkúta, ọ̀pá méjì tó ń dán, tó ń wọlé tó ń jáde nínú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ nígbàkígbà tí táyà iwájú bá gun òkúta, wà lára ohun tó wọ́n jù. Síìlì rọ́bà tó yí i ká, fóòmù abẹ́ síìlì náà àti ọ́ìlì díẹ̀ tó wà nínú ẹsẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi àwọn wọ̀nyí síbẹ̀ kí wọ́n lè máa gbó dípò ọ̀pá ni. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀, ibì kan náà ló ń já sí: a kò pààrọ̀ ohun olówó pọ́ọ́kú lásìkò, ọ̀pá wá ń san gbèsè rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé kí a máa dúró títí ọ́ìlì yóò fi máa jò kí a tó tú fọ́ọ̀kì. Fọ́ọ̀kì kì í ké nígbà tí ìyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Eruku tó tín-ín-rín àti omi ẹrẹ̀ á rọra gba abẹ́ síìlì wọlé, wọ́n á pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á sì di ohun tó ń fá irin dípò kó máa yọ̀ fún un. Àwọ̀ tí ẹ ń rí lára ọ̀pá kì í ṣe ọ̀dà. Ìpele líle tó tín-ín-rín gan-an ni, iná mànàmáná ni wọ́n fi mú un jáde lára alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀. Tó bá ti fá débi tí àwọ̀ fàdákà abẹ́ rẹ̀ fi hàn, kò sí ọ́ìlì tàbí gíríìsì tó lè dá a padà. Wọ́n ti fi agbára tẹ ọ̀pá méjèèjì mọ́ orí fọ́ọ̀kì láti ilé iṣẹ́, nítorí náà odindi apá òkè ni ẹ ó rà, iye rẹ̀ sì sábà máa ń mú kí ènìyàn kúkú ra fọ́ọ̀kì tuntun. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Iye wákàtí tó yẹ kì í ṣe àṣírí. Ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì RockShox, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́ọ̀kì, sọ pé kí a tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, kí a nù ún mọ́, kí a sì fi ọ́ìlì tuntun sí i ní wákàtí 50, kí a tún apá afẹ́fẹ́ (ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń gbé fọ́ọ̀kì ró wà) àti dámpà (ohun tó ń fi ọ́ìlì dín eré wíwọlé àti jíjáde rẹ̀ kù) ṣe ní wákàtí 200. Fox, ilé iṣẹ́ fọ́ọ̀kì mìíràn, ní wákàtí 125 tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Wákàtí gígùn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ń gùn ún fún wákàtí méjì ní Sátidé àti méjì ní Sọ́ńdè yóò ti lo 50 kí oṣù mẹ́ta ó tó pé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gùn nínú ẹrẹ̀ ìgbà òtútù ní Wales tàbí Scotland kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Láti 1989 tí Paul Turner ti dá RockShox sílẹ̀, títí dé fọ́ọ̀kì tí Greg Herbold fi gba ìdíje àgbáyé ìsáré sọ̀kalẹ̀ òkè ní Durango ní 1990, títí di òní, ọ̀pá tó ń yọ́ gba inú síìlì náà ni. Ìdọ̀tí kò yí ìwà padà.

Àṣìṣe kan wà tó ń tan àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa pàápàá. Síìlì á gbẹ, fọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ní fẹ́ wọlé fún òkúta kékeré mọ́, ọwọ́ á máa ro ẹni tó gùn ún. Á ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, á sì jò ó dànù díẹ̀. Lóòótọ́, fọ́ọ̀kì á rọ̀ níbi òkúta kékeré, ṣùgbọ́n níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á máa rì síwájú, á sì máa gbá ìsàlẹ̀ gbàgà. Tí iye afẹ́fẹ́ tó bá yín mu lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò bá yín mu mọ́, tí ẹ kò sì sanra tàbí rù, ẹ má fọwọ́ kan fáàfù. Síìlì ni kí ẹ lọ wò. Nítorí èyí, ẹ kọ iye psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) yín sílẹ̀ síbì kan. Ẹ rántí pé tí ẹ bá tún pọ́ǹpù so mọ́ ọn, òǹkà á lọ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ fọ́ọ̀kì ló kún inú hóòsì. Kò túmọ̀ sí pé ó ń jò.

Ẹ má ṣe da omi alágbára ti ibi ìfọkọ̀ sí ìdí síìlì. Omi tó ń ti ẹrẹ̀ kúrò lára irin á ti ara rẹ̀ wọ inú fọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Garawa omi, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má fín WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ń fín, sára ọ̀pá kí ó lè yọ̀: ó ń fọ gíríìsì tó wà lẹ́nu síìlì kúrò ni. Àkísà mímọ́ ni kí ẹ fi nu ọ̀pá lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gùn ún, kí ọ́ìlì lè ṣàn dé fóòmù.

Níbi títú gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣèṣe. Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù kí sípánà ó tó kan orí apá afẹ́fẹ́. Ìdérí tí psi 80 wà lẹ́yìn rẹ̀ lè fò lu ojú ẹni. Ẹ yọ táyà iwájú, ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé bíréèkì, torí páàdì tí ọ́ìlì bá ti wọ̀ lára sábà máa ń di àgbàdànù. Bóòtù ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán kí ẹ tó lù ú: ẹ tú u ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi òòlù onírọ́bà lu orí rẹ̀ wẹ́rẹ́ títí ọ̀pá inú, èyí tí bóòtù náà dì mú, yóò fi já. Ẹni tó bá yọ bóòtù tán tó wá ń lu ẹnu ọ̀pá inú yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́, bóòtù kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ má sì fi sukudiráfà họ síìlì jáde. Igun rẹ̀ á ha ibi tí síìlì tuntun yóò jókòó sí.

Ní ti ọ́ìlì, èyí tó wà nínú ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ti dámpà, iye rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Mílílítà díẹ̀ péré ni. Àwọn kan rò pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni fọ́ọ̀kì á ṣe yọ̀ tó, àmọ́ ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́: tó bá pọ̀ jù, fọ́ọ̀kì kò ní lè wọlé tán.

Bí òkúta bá ha ọ̀pá, ẹ má fi sáńpépà pa gbogbo ara rẹ̀. Ibi tó yọ ṣónṣó nìkan ni kí ẹ fi sáńpépà tó kúnná gan-an, tí a rẹ sínú omi, rọra pa, kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì dí ihò rẹ̀, kí ẹ sì tún un pa nígbà tó bá gbẹ títí ìka kò fi ní mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Tí iwájú kẹ̀kẹ́ bá ń dún kọ̀kọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fún bóòtù ọrùn kẹ̀kẹ́ le títí bẹ́ríìnì á fi bàjẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ mi kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka kan ibi tí ọ̀pá ti wọ ẹsẹ̀. Bó bá ń mì níbẹ̀, bùṣì inú (òrùka tí ọ̀pá ń yọ̀ gbà nínú ẹsẹ̀) ló ti gbó, iṣẹ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

Ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kó má wo iwájú ọ̀pá nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀, lápá táyà, ni bùṣì ti sábà máa ń fá a, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń tajà kì í yà sínú fọ́tò. Ẹ nù ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi èékánná gba orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà fàdákà, ẹ yọ iye apá òkè tuntun kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san, tàbí kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún un.