Bí mo ṣe ta áàpù AI fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ n'Íkọ̀lé

Ọ̀gá mi ló máa ń sọ̀rọ̀ owó. Èmi ni àwọn oníbàárà máa ń bi pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?" Ní oṣù Kẹfà, mo gbé áàpù kan tó ń fi kámẹ́rà fóònù yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan n'Íkọ̀lé-Èkìtì.

Àrùn mòsáìkì ni áàpù náà ń wá lára ewé, èyí tó máa ń lọ́ ewé pọ̀, tí àwọ̀ ìyeyè á sì ta sí i lára káàkiri. Kòkòrò funfun kéékèèké abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n igi tí a bá gé lára ẹ̀gẹ́ tó lárùn náà ń gbé e wọ oko tuntun. Igi gbígbìn sì ni ẹgbẹ́ yìí ń tà.

N kò fi fídíò kankan hàn wọ́n. Mo bẹ Bàbá Alága pé ká lọ sóko. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ká tó débẹ̀, àmọ́ inú fóònù gan-an ni áàpù náà ti ń ṣiṣẹ́. A mú ìdí ẹ̀gẹ́ 60. Bàbá á kọ́kọ́ sọ tiwọn, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó ya fọ́tò.

Nínú 20 tí Bàbá ní ó lárùn, áàpù rí 15. Nínú 40 tó dá ṣáṣá, ó fẹ̀sùn àrùn kan 2. Mo kà á fún wọn bó ṣe rí, mo wá béèrè ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ yìí: "Bàbá, àṣìṣe wo ló máa dùn yín jù nínú méjèèjì?"

"Ọmọ mi, ká sọ igi mẹ́wàá tó dáa nù sàn ju ká gbin ẹyọ kan tó lárùn."

Tẹ́lẹ̀, áàpù kì í ní ẹ̀gẹ́ lárùn àfi tó bá dá a lójú dé 80 nínú 100. Mo fà á wálẹ̀ sí 50. Akọ̀wé fẹ́ ká padà sídìí àwọn tàkọ́kọ́, mo ní rárá: àwọn tí mo fi tún un ṣe kò lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Oko kejì la lọ. Níbẹ̀, nínú 18 tó lárùn, ó rí 17. Ó fẹ̀sùn kan 7 tí kò ní nǹkan kan.

Wọ́n gbà á sórí fóònù mẹ́ta fún sáà gbígbìn kan. Mo kọ iye àṣìṣe náà sínú ìwé àdéhùn, mo sì kọ ọ́ pé ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ tún yẹ igi wò kí wọ́n tó tà á. Ẹyọ kan tí áàpù kò rí, akọ̀wé ti fà á tu ká tó kúrò lóko.