Bí mo ṣe gba ọgbà ẹ̀fọ́ mi lọ́wọ́ Kòkànmí àti Tanmọ̀la

Etí méjì ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Bódìjà dé ni, ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹta, oòrùn Ìbàdàn ń jó ni lágbárí. Mo ní kí n lọ wo ewédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìnkùlé. Etí ajá méjì ló yọ sókè láàárín ebè, bí ẹni pé àwọn náà hù ni. Ìyókù ara Kòkànmí wà nínú ihò tó gbẹ́ fún ara rẹ̀. Ó nà gbalaja, ó la ojú kan wò mí, ó sì tún un dì.

Ewédú ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe ẹní.

Ajá méjì ni mo ní. Kòkànmí ni akọ, ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ ajá Jámánì. Tanmọ̀la ni abo, ajá ilé lásán, pupa rẹ́súrẹ́sú. Kò tóbi, àmọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ti alága ẹgbẹ́ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ajá nílẹ̀ wa kì í ṣe ti ajá nìkan, aládùúgbò a máa mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé nílé kejì sí wa kò dá mi lóhùn fún oṣù méjì, wọ́n rò pé àwọn ni mo ń fi Kòkànmí bá wí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ajá yẹn gan-an lorúkọ náà ro. Ẹ pariwo lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò kàn án.

Ọgbà náà kò tóbi: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 15 ní gígùn. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà lápá kan, ewédú wà láàárín, tòmátò àti ata rodo wà lẹ́bàá ògiri. Kì í ṣe ìfẹ́ oko ló bá mi, owó ata ni. Ẹni tó bá ń ra ata rodo lọ́jà kò ní bi mí ní ìdí.

Mo ti dán oríṣiríṣi wò kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gé ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ ẹlẹ́gùn-ún sórí ebè, ẹsẹ̀ tèmi ló gún nígbà tí mo lọ tu koríko. Ẹnìkan ní ajá kì í fẹ́ òórùn ata, ni mo bá wọ́n ata gbígbẹ yí ọgbà ká. Ìyẹn ni mo kábàámọ̀ jù. Tanmọ̀la fi imú kó o, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nu ojú, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń fi ata kùn ún. Mo ń da omi sí i lójú fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń ké, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ké. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbá ata lọ, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ajá kò tó ìyẹn.

Bàbá ọdẹ àdúgbò wa ló tú àṣírí. Ṣíṣọ́ àdúgbò lóru niṣẹ́ wọn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ajá dẹ̀gbẹ́ rí kí wọ́n tó wọ ìgboro. Wọ́n wá gba owó oṣù, mo ní kí wọ́n bá mi wo ohun tí ajá ń fi ojú mi rí. Wọ́n dúró létí ebè, wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lo sin síbẹ̀?”

“Ìgbẹ́ adìẹ ni, Bàbá. Àti orí ẹja díẹ̀ pẹ̀lú ìfun rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń mú ilẹ̀ lọ́ràá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. “O se ọbẹ̀ fún wọn, o dé e lómọrí, o wá ní kí wọ́n má ṣí i.”

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí n yé wo ihò, kí n máa wo àkókò tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Mo fi ọjọ́ mẹ́fà ṣọ́ wọn, mo ń kọ ọ́ sínú fóònù. Àṣé ẹjọ́ méjì ni mo pa pọ̀ mọ́ ọ̀kan! Òru ni Tanmọ̀la ń ṣe tirẹ̀. Ihò rẹ̀ kéré, ó jìn, ibi tí orí ẹja wà gẹ́lẹ́ ló sì ń gbẹ́. Kòkànmí kò tilẹ̀ bìkítà fún ẹja. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán ni tirẹ̀, ihò rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ, á yí po níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wó lulẹ̀. Ooru ló ń mú un. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Kọnkéré ni gbogbo àgbàlá wa, ibi tó rọ̀ tó sì tutù níbẹ̀ kò ju ebè tí mò ń bomi rin ní àràárọ̀. Èmi ni mo tẹ́ ibùsùn fún un.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń dá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá níwájú ilé, àwọn méjèèjì á sáré lẹ́bàá ògiri lọ sí ẹnu géètì láti gbó o. Ipa ẹsẹ̀ wọn ti wà níbẹ̀ kí n tó ní ọgbà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti le. Orí títì yẹn gan-an ni mo gbin tòmátò sí.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Mo hú gbogbo ẹja náà kúrò, àti iyẹ̀pẹ̀ tó gba òórùn rẹ̀, mo dì í sínú àpò fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. (Imú mi kò bọ̀ sípò títí ọjọ́ kejì.) Ìgbẹ́ adìẹ kò burú, tútù tí mò ń lò ó ni kò dáa, ajá fẹ́ràn àtijẹ ẹ́, ó sì ń jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Mo wá kó èyí tó kù jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wọ́n omi sí i, mo fi tapólì bò ó, mo sì fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì títí òórùn rẹ̀ fi di ti iyẹ̀pẹ̀.

Mo ṣí tòmátò kúrò lẹ́bàá ògiri, mo fi ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ sílẹ̀ fún wọn láti máa sáré. Ó dùn mí, ilẹ̀ kékeré ni mo ní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò ṣẹ́ igi tòmátò kan mọ́.

Ti Kòkànmí ló gba àkókò jù. Abẹ́ igi máńgòrò ni ibòji wà, níbi tí kọnkéré kò dé. Mo gbẹ́ ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú lóròó, ó jìn tó ẹsẹ̀ kan, mo bu yanrìn tó kù nígbà tí a ń ṣe ṣọ́ọ̀bù kún un. Ní bíi aago mọ́kànlá àbọ̀, mo máa ń da garawa omi kan sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wò ó, ó lọ síbi ewédú. Ọjọ́ kejì, mo sin eegun màlúù tútù kan síbẹ̀ níṣojú rẹ̀ (tútù o, eegun sísè a máa fọ́ ṣẹ́ṣẹ́ lọ́nà ọ̀fun wọn). Ó hú u. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin. Ọjọ́ karùn-ún kò sí eegun, òun fúnra rẹ̀ ló lọ yí po lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọgbà yíyí ló kẹ́yìn. Mo ra ọparun, mo là á, mo gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mo sì so nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ọn. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ wà nísàlẹ̀: mo jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì gùn ju ọparun lọ ní ẹsẹ̀ kan, mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo sì bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìdí ọgbà ni ajá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, bí èékánná rẹ̀ bá sì ti kan irin, ó tán. Tanmọ̀la dán an wò ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo rí ojú ibẹ̀ láàárọ̀.

Mo tún ẹ̀fọ́ gbìn. Mo di èso ewédú sínú aṣọ, mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, mo ka ení dé ẹ̀wá, mo fà á yọ, mo sá a. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù. Mo po èso tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn kí ó má baà ṣù jọ síbì kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo já tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́.

Dókítà ẹranko tó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ digbòlugi lọ́dọọdún gba àwọn nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gbin àlùbọ́sà sí etí ọgbà, ó ní rárá, àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bàbá ìyàwó mi ti fi àpò èèpo hóró kòkó kan ránṣẹ́ láti Oǹdó kí n fi bo ilẹ̀. Májèlé lohun tó wà nínú kòkó jẹ́ fún ajá, ni mo bá gbé e fún ẹni tí kò sin ajá, mo sì fi koríko gbígbẹ bo tèmi. Oògùn tí wọ́n ń dà sílẹ̀ fún ìgbín, òun gan-an ló burú jù, ó ń fa ajá mọ́ra bí oúnjẹ, ó sì lè pa á lọ́jọ́ kan náà. Èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣa ìgbín lóru. Bàbá ọdẹ ń gba àwọn tó bá tóbi.

Ìgbẹ́ ajá kì í wọ ọgbà ẹ̀fọ́ mi, ẹyin aràn inú rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Ní ti ìtọ̀, Kòkànmí ṣì ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí ìgun ọgbà, ewé ṣọkọ tó wà níbẹ̀ sì jóná. Omi púpọ̀ ni mo ń dà sí i bí mo bá tètè rí i. Bí n kò bá rí i, mo gbà fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòmátò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ń ka á ní alẹ́, á dín láàárọ̀. Mo fura sí àwọn ọmọ àdúgbò, Ọlọ́run dárí jì mí, títí mo fi rí Kòkànmí tó na ẹnu gba òkè ọparun kọjá, tó já ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìyá àgbà, tó sì fi àwọn tútù sílẹ̀. Dókítà ní èyí tó bá pọ́n dáadáa kò ní ṣe é ní nǹkan, kí n sáà má jẹ́ kó jẹ ewé àti tútù rẹ̀. Mo bá gbin igi tòmátò kan sí ìta ọgbà, lẹ́bàá yanrìn rẹ̀. Mo ní tirẹ̀ nìyẹn. Ó ti so mọ́kànlá, mẹ́rin ti pọ́n. Kò fọwọ́ kàn án. Ti inú ọgbà ló ń wò.